Kílọ́ọ̀ṣì Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi ní Ayétòrò: Bí Ó Ti Ń Bàjẹ́ àti Bí A Ti Ń Tún Un Ṣe

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí nínú ọmọ títọ́, nínú ìlàjà àti nínú iṣẹ́ oko. Ṣùgbọ́n ohun kékeré kan wà ní etí òkun Ìlàjẹ tí ó jẹ́ pé ẹ̀sọ̀ gan-an ni ó ń pa á, nítorí pé a lo ẹ̀sọ̀ náà ní ibi tí kò yẹ. Ohun náà kò tóbi ju ìkúùkù ènìyàn lọ. Inú epo ni ó ń gbé, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní in kò sì fi ojú rí i rí. Òun ni kílọ́ọ̀ṣì tí ó wà ní ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

Ayétòrò wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti pàdé òkun Àtìláńtíìkì. Òkun ni ó wà ní iwájú ìlú náà. Omi àti igbó ẹrẹ̀ ni ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹja tí a pa, gàrí tí a rà, pákó ìkọ́lé, ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, àti aláìsàn tí a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní Igbókòdá, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí àgbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ bá jí ní òwúrọ̀ tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì bàjẹ́, yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé oko. Kò sí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn lórí omi dé Igbókòdá.

Kí olùkàwé fi ojú inú wo aboyún tí ìrọbí mú ní òru. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó dáhùn ní ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n fi í sí jíà, ọkọ̀ gbéra. Ṣùgbọ́n bí atukọ̀ bá ti fẹ́ kí ó yára, ìró kan yóò dún ní ìsàlẹ̀ omi, kọ-kọ-kọ-kọ, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Ẹ́ńjìnnì náà kò kú, epo kò tán, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò já. Eyín irin díẹ̀ tí ó ti kúnu ni ó dá wọn dúró láàárín omi. Kò sì sí àní-àní pé eyín náà ti ń sọ̀rọ̀ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́ kí òru ọjọ́ náà tó dé.

Ìlú tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ

Iṣẹ́ ẹ̀rọ kì í ṣe àjèjì ní Ayétòrò. Ní ọdún 1947 ni àwọn Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ ìlú náà dó, Zacchaeus Okenla sì ni olórí wọn àkọ́kọ́. Wọ́n jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́, àpò kan náà ni èrè gbogbo wọn ń wọ̀, láti inú àpò kan náà ni a sì ti ń bọ́ olúkúlùkù tí a sì ń dáṣọ fún un. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà àti ọṣẹ. Ní ọdún 1953, iná mànàmáná ti ń tàn ní ìlú náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó jù ú lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn àlejò tí wọ́n wá wò ó lọ sọ ìròyìn rẹ̀ ní òkè òkun, wọ́n sì kọ ìwé nípa rẹ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ètò àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí ní ohun tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkun fúnra rẹ̀ dìde sí ìlú náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni ó ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé àti ibi iṣẹ́ tí àwọn baba fi òógùn ojú wọn kọ́. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́ ènìyàn, òkun kò lè gbà á, bí a bá ti ń kọ́ ọmọ ní í. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ kílọ́ọ̀ṣì yìí ní kíkún. Nítorí pé ní ìlú tí òkun ń lé ènìyàn kúrò ní ilé, ẹ́ńjìnnì tí a lè tún ṣe kò yẹ kí a gbé e jù nù.

Kílọ́ọ̀ṣì méjì, ìwà méjì

Ẹ́ńjìnnì tí ó bá ń jó epo kò mọ ìdúró. Bí ó bá ti jí, yíyí ni yóò máa yí. Ẹni tí ń lò ó ni ó ń fẹ́ dúró, tí ó ń fẹ́ rìn, tí ó sì tún ń fẹ́ dúró. Ohun tí ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára ẹsẹ̀ tí ń gbé e rìn, tí ó sì tún ń so wọ́n pọ̀, òun ni à ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì.

Àwọn àgbà yóò rántí Vespa, alùpùpù kékeré tí ilé iṣẹ́ Piaggio ní Pontedera ní ilẹ̀ Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ọdún 1946. Ẹni tí ó fi ọgbọ́n inú gbé e kalẹ̀ ni Corradino D'Ascanio, tí iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n gùn ún lọ sí ẹnu iṣẹ́. Nínú kílọ́ọ̀ṣì Vespa, àwo irin tí a lẹ kọ́ọ̀kì mọ́ àti àwo irin lásán ni a tò lé ara wọn, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí àwo oúnjẹ nínú agbọ̀n. Sípíríǹgì ni ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra, inú epo ni gbogbo wọn sì wà. Bí awakọ̀ bá fa ìdimú ọwọ́ òsì, àwọn àwo náà a fi ara wọn sílẹ̀. Bí ó bá ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kọ́ọ̀kì a kọ́kọ́ fi ara kan irin, a yọ̀ lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá dì í mú ṣinṣin. Ìyọ̀ díẹ̀ náà ni kì í jẹ́ kí alùpùpù fò bí ẹṣin tí a nà. Ní ibi yìí, òwe àwọn àgbà dúró: ẹ̀sọ̀ ni ó dára.

Nígbà tí kọ́ọ̀kì náà bá jẹ tán, ẹ́ńjìnnì a máa ké lórí òkè, alùpùpù a sì máa rá. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro. A ó tú agbọ̀n kílọ́ọ̀ṣì, a ó fún sípíríǹgì pọ̀, a ó pààrọ̀ àwo kọ́ọ̀kì, a ó sì wo àwo irin lásán bóyá iná ti jó wọn tàbí wọ́n ti tẹ̀. Àwo kọ́ọ̀kì tuntun ni a gbọ́dọ̀ rẹ sínú epo mọ́jú kí a tó dè é. Ẹni tí ó bá dè é ní gbígbẹ yóò jó o ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí a bá tò ó tán, a ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lára okùn ìdimú, kí kílọ́ọ̀ṣì lè dì pátápátá nígbà tí a bá tú ọwọ́.

Kílọ́ọ̀ṣì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní kọ́ọ̀kì, kò sì mọ ìyọ̀. Eyín ni ó ní.

Bí a bá tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí à ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, ohun tí a ó rí nìyí. Ọ̀pá irin kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì, jíà kékeré kan sì wà ní ìdí ọ̀pá náà. Jíà kékeré yìí gbé eyín rẹ̀ lé jíà ńlá méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Nígbàkúùgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, jíà méjèèjì ń yí, ṣùgbọ́n wọ́n ń yí ní òdìkejì ara wọn. Ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ la àárín wọn kọjá, ṣùgbọ́n kò so mọ́ èyíkéyìí nínú wọn. Lórí ọ̀pá náà, láàárín jíà méjèèjì, ni òrùka irin eléyín kan wà tí ó lè rìn síwájú àti sẹ́yìn. Bí atukọ̀ bá ti jíà síwájú, òrùka náà a sún mọ́ jíà iwájú, eyín a bọ́ sínú eyín, abẹ̀bẹ̀ a sì yí síwájú. Bí ó bá fà á sẹ́yìn, òrùka a bọ́ sínú jíà ẹ̀yìn. Bí ó bá dúró ní àárín, kò di ọ̀kankan mú, ọkọ̀ a sì dúró.

Òrùka eléyín yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Kò sí ìdajì nínú iṣẹ́ rẹ̀: yálà ó di jíà mú, tàbí kò dì í mú.

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì ayé àtijọ́ ni ó ní in. Ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ tí Ole Evinrude bẹ̀rẹ̀ sí tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1909 kò ní jíà tí ń já abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ti jí ni ọkọ̀ ti gbéra, ẹni tí ó bá sì ti di okùn ọkọ̀ mọ́ òpó sí ọ̀fọ̀ ni. Ní ọdún 1949 ni ilé iṣẹ́ Johnson, ní Amẹ́ríkà bákan náà, gbé ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin mẹ́wàá jáde tí ó ní jíà iwájú, àárín àti ẹ̀yìn. Yamaha ti ilẹ̀ Jàpáánù bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ alágbára ẹṣin 40 sì ti di ojúlùmọ̀ àwọn apẹja ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òrùka eléyín ni ó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ń pa á

Ẹni tí ó ti kọ́ ọwọ́ lórí alùpùpù a máa gbé àṣà náà wá sínú ọkọ̀. Yóò máa rọra ti jíà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń tú kílọ́ọ̀ṣì Vespa sílẹ̀. Lójú rẹ̀, ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ni. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ omi, ibi tí ojú rẹ̀ kò tó, orí eyín òrùka àti orí eyín jíà ń lu ara wọn, wọ́n ń gbá ara wọn padà kí wọ́n tó wọlé. Lílù kọ̀ọ̀kan ń hó igun eyín díẹ̀. Igun tí ó mú bí igun bíríkì yóò di róbótó bí orí ìka. Nígbà tí igun bá sì ti di róbótó, ẹrù ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò máa ti eyín jáde kúrò nínú eyín. Òun ni ìró kọ-kọ-kọ tí a ń gbọ́.

Ọ̀tá kejì ni ìyára. Ẹni tí ó bá ti jíà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré, òkúta ni ó fi ń lu òkúta. Ẹni tí ó bá sì fò láti iwájú sí ẹ̀yìn láìdúró ní àárín ń ṣe ibi méjì lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, ẹ̀sọ̀ àti agbára ní àyè tiwọn. A ó dín ìyára ẹ́ńjìnnì kù pátápátá títí yóò fi máa mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ní ibi yìí ni ẹ̀sọ̀ wà. Nígbà náà ni a ó ti jíà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìṣiyèméjì, bí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn pa. Ní ibi yìí ni agbára wà. A kò ní fi epo kún un títí a ó fi mọ̀ pé jíà ti wọlé. Ẹni tí ó bá mọ èyí nìkan ti fi ọjọ́ púpọ̀ kún ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọ̀tá kẹta ni omi iyọ̀. Òrùka rọ́bà tí ó yí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ká ni ó ń dí omi lọ́nà. Bí okùn ìpẹja tàbí àwọ̀n bá lọ́ mọ́ ọ̀pá náà, yóò gé rọ́bà náà, omi yóò sì wọ inú epo jíà. Epo tí omi ti dàpọ̀ mọ́ kò lè bo irin mọ́. Ìpẹtà yóò sì bá ohun tí lílù ti bẹ̀rẹ̀ parí rẹ̀.

Bí a ti ń mọ̀ ọ́n

Kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnnì tí ń ké tí ọkọ̀ kò sì lọ ni kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ owó ni a ti sọ sínú omi nítorí pé a kò wádìí. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò.

Èkíní, nínú ẹ́ńjìnnì kékeré àtijọ́, pínnì kan ni ó so abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀. A ṣe é kí ó lè ṣẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ bá kọlu igi, kí jíà má bàa fọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì tí kò sì gbéra mọ́ rárá, pínnì ni kí a kọ́kọ́ wò. Atukọ̀ tí ó gbọ́n kì í jáde láìní pínnì mìíràn lọ́wọ́.

Èkejì, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà ni ó wà láàárín abẹ̀bẹ̀ àti irin àárín rẹ̀. Rọ́bà náà lè gbó kí ó sì máa yọ̀. Láti mọ̀ ọ́n, kí a fi ọ̀dà fa ìlà kan tí ó tọ́ láti ara irin àárín dé ara abẹ̀bẹ̀. Kí a gbé ọkọ̀ jáde pẹ̀lú ẹrù, kí a fún un ní ìyára, kí a sì padà wá wò ó. Bí ìlà náà bá ti já, tí apá kan kò kọjú sí èkejì mọ́, rọ́bà ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá ṣì tọ́, kí a wo ibòmíràn.

Ẹ̀kẹta, kí a wo ọ̀pá àti ìsopọ̀ tí ó gbé jíà láti ọwọ́ atukọ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti tú tàbí tí ó gùn jù, òrùka eléyín kò ní wọlé tán. Ṣóńṣó eyín nìkan ni yóò fi dì í mú. Àtúnṣe èyí kò ju ti sípánà lọ.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára tí ìró kọ-kọ-kọ kò sì dákẹ́, kí a tú bóòtì epo ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Epo tí ó funfun bí ẹ̀kọ mímu ń sọ pé omi ti wọlé. Ègé irin tí ó lẹ̀ mọ́ bóòtì náà ń sọ pé eyín ti ń ṣẹ́. Nígbà náà ni a ó tú u.

Bí a ti ń tún un ṣe

Kí a kọ́kọ́ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì má bàa jí nígbà tí ọwọ́ ènìyàn wà lára abẹ̀bẹ̀. Ìka púpọ̀ ni ó ti lọ nítorí àìṣe èyí. Kí a gbé ẹ́ńjìnnì sórí ìdúró rẹ̀ ní ilẹ̀ gbígbẹ, kí a tẹ́ aṣọ funfun tàbí pákó mímọ́ sílẹ̀, kí a sì máa to ohun tí a bá tú ní ẹsẹẹsẹ bí wọ́n ti ń jáde. Iyanrìn etí òkun ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí; ẹyọ rẹ̀ kan nínú bíárìn ti tó láti sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di asán.

Lẹ́yìn tí a bá ti dá epo sínú agolo, a ó yọ abẹ̀bẹ̀. A ó fi jíà sí àárín, a ó já ìsopọ̀ ọ̀pá jíà, a ó tú àwọn bóòtì tí ó so ẹsẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, a ó sì fa ẹsẹ̀ náà wá sílẹ̀ ní títọ́. Ní orí rẹ̀ ni a ó rí ilé rọ́bà tí ń fa omi sókè láti mú kí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí apá rọ́bà náà bá ti tẹ̀ tàbí tí ó ti ya, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní ìgbà yìí kan náà, nítorí iṣẹ́ ìtúdìí náà ti di ṣíṣe.

Ibi tí ó le jù ni ilé bíárìn tí ó di ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ mú. Iyọ̀ a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹsẹ̀ bí ẹni pé a jó wọn pọ̀. Kí a má ṣe fi òòlù lù ú, nítorí irin fúlẹ́fúlẹ́ ni ara ẹsẹ̀ náà, yóò sán. Kí a fi epo tí ń tú ìpẹtà sí i, kí ó sùn mọ́jú. Kí a fi omi gbígbóná tàbí ooru díẹ̀ kan ìta rẹ̀. Kí a sì fi irin ìfàyọ tí a dè ní ìhà méjèèjì fà á jáde bákan náà ní ọ̀tún àti ní òsì.

Bí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ bá ti jáde, òrùka eléyín wà lórí rẹ̀. Wáyà sípíríǹgì kan yí òrùka náà ká. Abẹ́ wáyà náà ni pínnì kan gba inú òrùka àti ọ̀pá kọjá. A ó tú wáyà náà, a ó ti pínnì jáde, òrùka a sì yọ. Kí ẹni tí ń ṣe é ṣọ́ra: nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, sípíríǹgì alágbára kan wà nínú ihò ọ̀pá náà, ó sì lè fò jáde sí ojú. Kí ó wọ awò ojú, kí àwọn ọmọ tí ń wòran sì jìnnà.

Kí a fọ òrùka náà, kí a sì gbé e sí oòrùn. Eyín tí ó dára ní igun tí ó mú ṣáṣá. Eyín tí igun rẹ̀ bá ti di róbótó tàbí tí ó hó ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Kí a wo eyín jíà iwájú bákan náà, nítorí níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ṣe àṣìṣe. Wọ́n a ra òrùka tuntun, wọ́n a fi jíà tí ó ti gbó sílẹ̀ láti ṣọ́ owó ná. Bí ẹni tí ó fi aṣọ tuntun lẹ aṣọ gbígbó ni wọ́n rí. Kò ní pẹ́ tí gbígbó yóò fi ba tuntun jẹ́. Àwọn kan a máa fi ayùn pọ́n eyín náà, àwọn mìíràn a máa jó irin kún un. Awọ irin náà nìkan ni a fi iná sọ di líle ní ilé iṣẹ́. Ẹni tí ó bá pọ́n ọn tàbí tí ó jó o ti mú líle náà kúrò, kò sì ní pẹ́ lórí omi.

Nígbà tí a bá ń tò ó padà, kí a wo àmì tí ó wà lára òrùka. Lára ti Yamaha, lẹ́tà F ni, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú sí jíà iwájú. Àwọn òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rí lẹ́yìn jíà, tí ó rí bí bébà, kí a má ṣe sọ ọ̀kankan nù, kí a má sì ṣe pààrọ̀ àyè wọn. Àwọn ni ó ń díwọ̀n àyè tí ó wà láàárín eyín jíà àti eyín jíà. Rọ́bà tí ń dí omi, kí a fi tuntun sí gbogbo rẹ̀, kí a sì fi gírísì pa ètè wọn. Ohun tí a fi pamọ́ nípa lílo rọ́bà àtijọ́ kéré sí ohun tí omi iyọ̀ yóò gbà.

Kí a tó rọ epo sí i, kí a dán an wò bóyá ó ń jò. A ó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú rẹ̀ láti ojú ihò epo, a ó sì tẹ ẹsẹ̀ náà rì sínú agbada omi. Ibi tí ìfófó bá ti jáde ni omi yóò gbà wọlé.

Epo jíà ni kí a rọ sí i, kì í ṣe epo mìíràn tí a rí lẹ́bàá ilé. Láti ihò ìsàlẹ̀ ni a ti ń rọ ọ́, títí yóò fi máa ṣàn jáde ní ihò òkè, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sínú. Ihò òkè ni a ó kọ́kọ́ dí, lẹ́yìn náà ni a ó dí ti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti so ẹsẹ̀ padà, kí a to ìsopọ̀ ọ̀pá jíà dáadáa, kí a fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ ní iwájú, ní àárín àti ní ẹ̀yìn, kí a sì mọ̀ pé ó dì níbi tí ó yẹ kí ó dì, ó sì tú níbi tí ó yẹ kí ó tú. Ìrìn àkọ́kọ́ kí ó jẹ́ ní ibi tí omi ti dákẹ́, nítòsí ilé, kì í ṣe ní ojú ìjì.

Ìtọ́jú ara àti ìtọ́jú omi

Epo tí a dá kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, kí a má ṣe dà á sínú odò. Omi tí ẹja ń yé sí ni, omi tí ọmọ ń wẹ̀ sí ni. Kí a dà á sínú agolo, kí a dí i, kí a sì gbé e lọ fún àwọn tí ń kó epo àlòkù jọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fa pẹtiróòlù láti inú róbà. Bí díẹ̀ bá yọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ènìyàn gbé e mì, kí a má ṣe mú un bì, nítorí bí ó bá ń padà bọ̀ ni ó ń ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Kí a má ṣe fi pẹtiróòlù fọ ọwọ́, nítorí ó ń ba awọ ara jẹ́. Ọṣẹ àti omi tó.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ń lọ dán ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wò, kí ó wọ ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó, kí ó sì mú àjẹ̀ dání. Ìran àwọn tí ń fi àjẹ̀ tukọ̀ ni ìran Ìlàjẹ. Kò sí ìtìjú nínú àjẹ̀ tí a kò lò. Ìbànújẹ́ ni ti èyí tí a nílò tí a kò sì mú dání.

Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ náà

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ní ẹ́ńjìnnì kan ti kú, kò kú. Orí rẹ̀ lè yè kooro, kí ó jẹ́ pé òrùka kan, jíà kan àti rọ́bà díẹ̀ ni ó ń béèrè. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tà á ní owó irin àlòkù, yóò sì wọ gbèsè láti ra òmíràn. Ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò tún un ṣe, yóò sì fi í pa ẹja. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò ju ìmọ̀ ọjọ́ kan lọ.

Àwọn tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó jùmọ̀ ní ohun gbogbo, wọ́n sì jùmọ̀ ní ìmọ̀. Ètò owó àpapọ̀ ti yí padà, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sì ń dínkù lójú àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí ó bá pe ọmọdé méjì mọ́ra nígbà tí ó ń tú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tí ó fi eyín tí ó gbó àti eyín tuntun hàn wọ́n, tí ó jẹ́ kí wọ́n fi ìka kan igun méjèèjì, ó ti fi ohun kan pamọ́ sí ibi tí ìgbì kò dé. Ní òru ọjọ́ tí a bá ń gbé aláìsàn lọ sí Igbókòdá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni yóò wà ní ìdí ọkọ̀. Yóò dín ìyára kù, yóò dúró díẹ̀, yóò sì ti jíà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ̀ yóò sì lọ.